Wọn Kò Bi Ẹ̀gbọ́n Mi Léèrè Iṣẹ́ Tó Ṣe: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Mínísítà Ètò Ìlera Lórí Jẹjẹrẹ Páńkíríásì

Ẹ̀yin Mínísítà Ètò Ìlera gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin tí ẹ máa ń péjọ sí Geneva lóṣù Karùn-ún ọdọọdún níbi ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnira. Ẹ má bínú pé n kò ní fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

Jẹjẹrẹ páńkíríásì, èyí tó ń mú ẹ̀yà ara kan nínú ikùn, ló pa ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Láti ọjọ́ tí dókítà ti dárúkọ àìsàn náà fún wa títí di ọjọ́ tí a sin ín, oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni. Èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí fáìlì fún un. Nọ́ọ̀sì bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó bi í ní ẹ̀sìn rẹ̀. Ó gba nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá yí padà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ "Iṣẹ́" sí, ó gbójú sókè wo ewú orí ẹ̀gbọ́n mi, ó kọ "ó ti fẹ̀yìntì", ó sì ṣí ìwé náà sí ojú ewé kejì.

N kò bá nọ́ọ̀sì yẹn jà. Àyè tí wọ́n fún un láti kọ̀wé sí kò ju ìka méjì lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pinnu ohun tó máa wà nínú fọ́ọ̀mù ni mo wá bá.

Ọdún 19 ni ẹ̀gbọ́n mi fi ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n kẹ́míkà, tó ń fọ gírísì kúrò lára irin ẹ̀rọ. Láti ọmọ ọdún 17 ló ti ń mu sìgá. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè èyí àkọ́kọ́, èyí kejì ni wọ́n sì bèèrè nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un lóògùn orun. Mo bi dókítà pé kí ló ń fa irú àìsàn yìí. Ó ní, "Ó kàn máa ń ṣẹlẹ̀ ni." Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí rẹ̀, ohun tí mo sì rí ló jẹ́ kí n kọ̀wé sí yín. Apá kan wà nínú ohun tó ń fà á tí ẹ mọ̀ dájú, tí ẹ kò pariwo rẹ̀ tó. Apá kejì wà tí ẹ kò mọ̀ dájú, torí pé ẹ kì í bèèrè.

1. Àìsàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn díẹ̀.

Lọ́dún 2022, nǹkan bí 511,000 èèyàn ni wọ́n rí i lára wọn káàkiri ayé. Lọ́dún kan náà, nǹkan bí 467,000 ló kú nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹ gbé iye méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ wò ó. Tí a bá ń ka jẹjẹrẹ nípa bó ṣe ń mú èèyàn tó, ipò kejìlá ló wà. Tí a bá wá ń kà á nípa bó ṣe ń pa èèyàn tó, ó ti di ẹkẹfà. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, tí wọn kò ṣaláìní ẹ̀rọ àti oògùn, nínú 100 èèyàn tí wọ́n bá rí i lára wọn, nǹkan bí 13 péré ló ń rí ọdún 5 lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí páńkíríásì fara pamọ́ sí wà lára ohun tó jẹ́ kí àìsàn yìí máa pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ ló wà, nínú lọ́hùn-ún, nítòsí eegun ẹ̀yìn. Òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, òun náà ló ń ṣe ínsúlínì tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ kò lè tẹ kókó lára rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń tẹ kókó lára ọmú. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀yìn dun ẹ̀gbọ́n mi fún oṣù mẹ́ta, ó rò pé àga tó ń jókòó lé ni, ó pààrọ̀ àga. Ìgbà tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná, ni a tó dé ilé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ náà ti dé inú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Kò sí àyẹ̀wò kankan tí wọ́n lè ṣe fún gbogbo èèyàn láti fi tètè rí i. Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ àwọn amòye tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò sọ pé kí wọ́n má ṣe é fún ẹni tí kò ní àmì kankan lára, torí pé ewu rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Àwọn tí àìsàn náà bá ń rìn nínú ẹbí wọn nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí ilẹ̀kùn àyẹ̀wò bá tì, ilẹ̀kùn ohun tó ń fà á ló ṣẹ́ kù. Ilẹ̀kùn yẹn sì máa ń wà ní ṣíṣí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn olùwádìí tó yẹ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yìí wò lọ́dún 2010 rí i pé, láti ìgbà tí àṣìṣe àkọ́kọ́ bá ti wọ inú jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni tó ń darí sẹ́ẹ̀lì kan, ó máa ń tó ọdún 10 ó kéré tán kí ó tó di jẹjẹrẹ gan-an. Ó tún máa ń tó ọdún 5 sí i kí ó tó lágbára láti tàn ká. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń mu sìgá, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu yín nípa páńkíríásì.

2. Ẹ mọ̀ nípa sìgá.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, IARC tó wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ti fi sìgá sí ìpele kìíní, ìyẹn ti àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì dárúkọ páńkíríásì mọ́ àwọn ibi tó ń bà jẹ́. Tábà tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu àti èyí tí wọ́n ń fín símú, tí ọ̀pọ̀ rò pé kò léwu torí pé kò léèéfín, wà lórí ìwé kan náà, páńkíríásì sì wà nínú tiwọn náà. Ẹni tó ń mu sìgá fi nǹkan bí ìlọ́po méjì sún mọ́ àìsàn yìí ju ẹni tí kò mu ún rí lọ. Nínú mẹ́rin tí ó ń mú, ọ̀kan ni wọ́n ń ka ti ẹ̀ sí sìgá lọ́rùn.

Èéfín tó wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í dúró síbẹ̀. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Wọ́n ti rí májèlé inú tábà tí wọ́n ń pè ní NNK nínú omi páńkíríásì àwọn tó ń mu sìgá. Kádímíọ̀mù, irin olóró tó wà nínú èéfín náà, máa ń kó jọ sínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó jáde, páńkíríásì sì wà lára ibi tó ń fara pamọ́ sí.

Ẹ wo ìdílé Jimmy Carter, tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan. Jẹjẹrẹ páńkíríásì ló pa bàbá rẹ̀, ó pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ó sì pa àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin méjèèjì. Àbùdá ìdílé ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n sìgá ni gbogbo wọn ń mu, òun nìkan ni kò mu ún, ó sì pé 100 ọdún kó tó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìdílé kan kò tó fi ṣe ẹ̀rí, mo mọ̀. Ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí ojú rẹ̀ ni.

Kí ni ẹ̀sùn mi níbí? Ọdún 2003 ni ẹ fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí tábà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005. Orílẹ̀-èdè tó lé ní 180 ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, mo dúpẹ́. Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró ni ìkìlọ̀ ara páálí sìgá ẹ̀gbọ́n mi ń fi hàn án. Ó gba ìkìlọ̀ náà gbọ́! Ọdọọdún ló ń lọ ya fọ́tò àyà. Tí wọ́n bá ti ní ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, á gbé fọ́tò náà délé, á gbé e sókè síbi iná kí gbogbo wa lè rí i, á ní, "Ẹ ò rí i? Kò sí nǹkan kan." Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣìkẹyìn nínú àwọn fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó mọ́ lóòótọ́.

Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé bí ó bá jáwọ́, ewu náà á máa relẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pé láàárín ọdún 10 sí 20 ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ẹni tí kò mu ún rí dọ́gba. Ọmọ ọdún 40 ni nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jáwọ́. Ọmọ ọdún 61 ló kú. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀.

3. Ẹ ń fi ọtí falẹ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé ọtí àmupara máa ń jẹ́ kí páńkíríásì wú, kí ó máa jóni nínú, àti pé páńkíríásì tó bá ń wú bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè di jẹjẹrẹ. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni bóyá ọtí fúnra rẹ̀, láìsí sìgá nítòsí, ní ẹ̀bi tirẹ̀. Lọ́dún 2025, IARC kó ìwádìí 30 pọ̀, èyí tó kan èèyàn bíi mílíọ̀nù 2.5 ní apá ayé mẹ́rin. Wọ́n rí i pé bí èèyàn bá ṣe ń fi gíráàmù 10 ògidì álíkọ́ọ̀lù inú ọtí kún ohun tó ń mu lójúmọ́ ni ewu jẹjẹrẹ páńkíríásì ń fi ìdá 3 nínú 100 lọ sókè. Ọkùnrin tó ń mu ju gíráàmù 60 lọ lójúmọ́, ewu tirẹ̀ ti fi ìdá 36 nínú 100 ga sí i. Wọ́n rí i lára ẹni tí kò mu sìgá rí náà.

Ìdá 3 nínú 100 kò pọ̀ lójú ẹnì kan ṣoṣo. Lójú mínísítà tó ń ṣètò fún mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó yẹ kó pọ̀. Síbẹ̀, kò sí àdéhùn àgbáyé kankan lórí ọtí bíi ti tábà. Orílẹ̀-èdè Ireland ṣòfin lọ́dún 2023 pé kí ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ wà lára gbogbo ìgò ọtí láti ọdún 2026. Wọ́n ti sún un sí 2028. Ta ni ìsúnsíwájú yẹn ń ṣe láǹfààní? Ẹ dá wa lóhùn.

4. Ìsanra àti àtọ̀gbẹ.

Lọ́dún 2016, IARC ka irú jẹjẹrẹ 13 tí ìsanra jù ń dá kún, páńkíríásì wà lára wọn. Èyí kò ṣòroó lóye: ọ̀rá tó bá pọ̀ nínú ikùn ń mú kí ínsúlínì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, inú ara á sì máa wú wíwú tí kò tán bọ̀rọ̀.

Ti àtọ̀gbẹ ló yẹ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí pé ojú méjì ló ní. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára ń mú kí ewu jẹjẹrẹ yìí pọ̀ sí i. Àmọ́ àtọ̀gbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lójijì, lára ẹni tó ti lé ní 50 ọdún, tí ẹni náà sì ń rù dípò kó máa sanra, lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà ló ti wà nínú ilé tó ń kan ilẹ̀kùn. Nínú 100 ẹni tí àtọ̀gbẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lẹ́yìn 50 ọdún, bí ẹnì kan ni wọ́n máa ń rí jẹjẹrẹ páńkíríásì lára rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù ba gbogbo alátọ̀gbẹ. Ó tó kí ẹni tó ń tọ́jú wọn bèèrè pé, "Ṣé ò ń rù? Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́? Ṣé ará ìdílé rẹ kankan ti ní in rí?"

Oṣù méje kí wọ́n tó rí jẹjẹrẹ lára ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ó ń rù. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n kí i kú oríire pé ó ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ó bọ̀ wálé, inú rẹ̀ dùn, ó fi bẹ́líìtì hàn wá níbi tó ti lu ihò tuntun sí i.

5. Iṣẹ́ àti àyíká: ibi tí ẹ kò bèèrè.

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí kò dájú tó ti sìgá, n kò sì ní purọ́ fún yín. Lọ́dún 2000, àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fara kàn lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èyí tó yọrí jù ni àwọn kẹ́míkà olómi tó ní kọ́lórínì nínú, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin, tí wọ́n sì fi ń fọ aṣọ níbi tí wọn kì í ti í lo omi. Níkẹ́ẹ̀lì, irú irin kan, náà wà níbẹ̀. Wọ́n rí ìbátan, wọn kò rí ìdájú.

Kí ló dé tí ìdájú kò sí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí kan tí mo fojú ara mi rí. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ yìí kì í pẹ́ kó tó kú. Kí olùwádìí tó dé pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀, aláìsàn ti lọ, ó di pé kí wọ́n máa bi ìyàwó tàbí ọmọ. Èmi náà lọ bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Kò mọ orúkọ kẹ́míkà náà. Ó mọ òórùn rẹ̀. Ó ní ó máa ń dùn díẹ̀ nímú, pé lára ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ló máa ń wà, pé òun kì í pò ó mọ́ aṣọ àwọn ọmọ tí òun bá ń fọṣọ. Mo lọ bá ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó ní "omi tútù" ni gbogbo àwọn ń pè é, torí pé bó bá ti kan ọwọ́, á tutù rinrin, á sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n kọ sára dúrọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ha ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

N kò sọ pé omi tútù ló pa á. Sìgá nìkan tó láti pa á. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò lè mọ̀ láéláé, àti pé bó ṣe rí fún òun ló rí fún ọ̀kẹ́ àìmọye.

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Àwọn orílẹ̀-èdè márùn-ún ní àríwá Yúróòpù, Denmark, Finland, Iceland, Norway àti Sweden, so iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wọn kọ sílẹ̀ nígbà ìkànìyàn pọ̀ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ wọn. Mílíọ̀nù 15 èèyàn ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ náà sì jáde lọ́dún 2009. Pẹ̀lú ìyẹn, wọ́n lè wo iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mọ jẹjẹrẹ tó ń tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè tún máa ń gba aláìṣẹ̀ là. Lọ́dún 1981, àwọn olùwádìí kan sọ pé ó jọ pé kọfí ń fa jẹjẹrẹ páńkíríásì, ẹ̀rù sì ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n tún un yẹ̀ wò léraléra, kò rí bẹ́ẹ̀, nígbà tó sì di 2016, IARC yọ ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn kọfí. Abéèrè kì í ṣìnà.

6. Ẹ má di ẹ̀bi ru aláìsàn.

Nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 ló ń ti inú ìdílé wá. Àwọn míì wà tí wọn kò mu sìgá, tí wọn kò mutí, tí wọn kò sanra, tó sì mú wọn. Bí ẹ bá ń kéde ohun tó ń fà á, ẹ kéde rẹ̀ lọ́nà tí opó kan kò ní fi jókòó nílé kó máa rò pé ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín rèé. Nígbà tí ẹ bá tún péjọ, ẹ gbé jẹjẹrẹ páńkíríásì sórí tábìlì pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, kí ẹ má kàn pò ó mọ́ "àwọn jẹjẹrẹ míì". Ẹ jẹ́ kí orúkọ páńkíríásì wà lára páálí sìgá àti ike tábà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àdéhùn lórí ọtí, kí ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ wà lára ìgò. Ẹ pàṣẹ pé kí orúkọ kẹ́míkà wà lára gbogbo dúrọ̀ọ̀mù títí tó fi máa ṣófo, kí òṣìṣẹ́ sì lè kà á ní èdè tó gbọ́. Ẹ kọ́ àwọn tó ń tọ́jú alátọ̀gbẹ ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo kọ sókè yẹn. Èyí tó ká mi lára jù ni ti fọ́ọ̀mù: gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀, kí wọ́n bi í ní iṣẹ́ tó ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, iye ọdún tó fi ṣe é, àti ohun tó ń fọwọ́ kàn níbẹ̀. Kí wọ́n bi í nígbà tó ṣì lè dáhùn.

Ẹ lè fi ti ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀. Mo ti bá yín kọ ọ́:

Ọkùnrin, ọmọ ọdún 61. Sìgá: láti ọmọ ọdún 17 títí di 60, páálí kan lójúmọ́. Ọtí: lópin ọ̀sẹ̀. Àtọ̀gbẹ: oṣù méje ṣáájú. Iṣẹ́: ó fọ irin ẹ̀rọ fún ọdún 19, lẹ́yìn náà ó wa mọ́tò akẹ́rù fún ọdún 14. Ohun tó ń fọwọ́ kàn: omi tútù, wọ́n ti ha orúkọ rẹ̀ kúrò lára dúrọ̀ọ̀mù. Ìbọ̀wọ́: wọn kò fún wọn.

Èmi ni tiyín,
Àbúrò rẹ̀.